Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ní Táyà

Àdìgún, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ nípa Màmá. O ní láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀, ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ilé yín, kó sì jẹ́ obìnrin. O ní àna yín, ọkọ tí àbúrò rẹ obìnrin tó ṣaláìsí fi sílẹ̀, tó ń wá gbé Màmá dìde lójoojúmọ́, o ti lé e lánàá pé kó má wá mọ́. Mi ò tíì dá ọ lóhùn. Gbé omi yẹn mu, kí o jókòó dáadáa. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń bọ́ ọ yìí, nínú iṣẹ́ yẹn náà ni mo fẹ́ ti bá ọ sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n bí sórí omi. Ní ìlú rẹ̀, lẹ́bàá òkun, orí òpó igi ni wọ́n ń kọ́ ilé sí, abẹ́ ilé ni omi ń gbà kọjá. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, òun ni wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni wọ́n fi ń gbé òkú. Nígbà tó gbọ́njú díẹ̀, wọ́n rán an lọ sókè, sí ìlú tó ní títì, kó lọ kàwé. Ó kàwé náà. Ó kọ́ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ó mọ̀ ọ́n dunjú, ó sì pẹ́ lọ́hùn-ún débi pé tó bá lálàá, orí títì ló máa ń rí ara rẹ̀. Má wò mí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Èmi ò tilẹ̀ lè lúwẹ̀ẹ́.

Àjọ kan tó ń ran àwọn aláboyún lọ́wọ́ gbé iṣẹ́ fún un. Wọ́n fẹ́ ètò tí nọ́ọ̀sì lè tẹ̀ lórí fóònù nígbà tí obìnrin bá ń rọbí nílé tó jìnnà. Ètò náà yóò wá ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ jù tó lè gbé obìnrin náà, yóò pè é, yóò sì sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ó ti ń bọ̀. Inú ọkùnrin náà dùn sí iṣẹ́ yìí ju gbogbo èyí tó ti ṣe lọ. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n rí àfi bí ìyá rẹ̀ bá ń dárò rẹ̀.

Ìwọ mọ bí a ti ń ṣe é. Níbi tí ètò yóò ti gba nǹkan wọlé, a máa ń kọ irú nǹkan tí ibẹ̀ yóò gbà. Èyí tí kì í bá ṣe irú bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò dá a padà lẹ́nu ọ̀nà kó má baà wọlé lọ ba nǹkan jẹ́. Ohun tó dára ni, èmi ni mo kọ́ ọ, mi ò sì ní yí ọ̀rọ̀ mi padà lónìí. Ọkùnrin náà jókòó, ó bi ara rẹ̀ pé kí ni yóò máa gbé àwọn obìnrin wọ̀nyí. Ó gbójú sókè, ó wo ìta láti ojú fèrèsé, mọ́tò ló rí. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Mọ́tò. Ohun tó bá fẹ́ gbé aláboyún gbọ́dọ̀ jẹ́ Mọ́tò. Ohun tó bá jẹ́ Mọ́tò gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, ó gbọ́dọ̀ ní táyà mẹ́rin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ àwọn táyà náà wò lóòrèkóòrè. Nígbà tó parí, ó kà á látòkè délẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Kò rí ihò kankan tí eṣinṣin lè gbà wọlé.

Ètò náà ṣiṣẹ́ lókè. Mi ò ní bú u. Àwọn dírẹ́bà ń dáhùn, àwọn obìnrin ń dé ilé ìwòsàn lásìkò, wọ́n tilẹ̀ sọ ọmọ kan lórúkọ ọkùnrin náà. Nígbà tó yá, àjọ náà ní kí wọ́n gbé e lọ sí ìhà omi pẹ̀lú, títí kan ìlú tí wọ́n ti bí i. Wọn ò bi í bóyá ó yẹ kó tún un wò. Ọmọ ibẹ̀ ṣá ni, kí ni wọ́n tún fẹ́ bi í sí? Òun náà kò bi ara rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ bó ṣe wà.

Nọ́ọ̀sì kan wà nílé ìwòsàn ìhà omi náà, àgbàlagbà obìnrin, ó sanra, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, kì í sì í fẹ́ kí nǹkan dá òun dúró. Ó kó àwọn atukọ̀ jọ kó lè fi wọ́n sínú ètò. Ó tẹ ti àkọ́kọ́, ètò ní kì í ṣe Mọ́tò. Ó tẹ ti èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kò pe ẹni tó kọ ètò náà, torí nínú àjọ ńlá bẹ́ẹ̀, ta ni nọ́ọ̀sì etí omi yóò pè? Ó ṣe ohun tí ọmọ aráyé máa ń ṣe bí wọ́n bá ṣòfin tí kò rántí wọn. Ó purọ́ fún un. Ó hùmọ̀ nọ́ńbà mọ́tò fún ọkọ̀ ojú omi kọ̀ọ̀kan, ó sì fún gbogbo wọn ní táyà mẹ́rin mẹ́rin. Ètò gbà wọ́n wọlé láìjanpata. Àwọn atukọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn èrò rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun wo ẹ̀yìn, bóyá táyà kan ti ń jò.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ó gbà gbọ́ pé táyà wà, ó sì ń retí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí àsìkò kọjá, ètò gbà pé àwọn táyà náà ti gbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ọkọ̀ ojú omi náà sápá kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìtọ́jú ló kúkú fi ń ṣe. Kò fẹ́ kí wọ́n fi táyà gbígbó gbé aláboyún.

Ọkùnrin náà ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ṣì ń gbé lórí omi níbẹ̀. Apẹja ni ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ, ojú rẹ̀ sì ti rí nǹkan kó tó di pé oyún dúró sí i lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lójú òkun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí nígbà tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Ìyá ọkọ rẹ̀ pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tẹ fóònù. Ètò wo gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó wà nítòsí, kò rí ọ̀kan tí táyà rẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó wá mọ́tò gidi lọ, ó rí ọ̀kan lókè, ní òdìkejì omi. Ó pè é, dírẹ́bà dáhùn, ó sì gbéra. Fóònù ìyá ọkọ dún. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti ń bọ̀.

Wọ́n sì fọkàn balẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, Àdìgún. Ká ní ètò náà sọ pé kò sí ni, wọn ì bá ti dá ọgbọ́n mìíràn. Ó sọ pé ó ń bọ̀, ni wọ́n bá jókòó dè é. Atukọ̀ kan wà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, òpó ilé wọn gan-an ló so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé kí òun máa gbé ìyàwó lọ. Ìyá ọkọ ní rárá, ti ilé ìwòsàn ti wà lọ́nà, kí àwọn má lọ kọjá ara àwọn lójú omi. Atukọ̀ náà dúró. Obìnrin náà ń jẹ̀rora lórí ẹní. Láàárín àwọn pákó tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé, ó ń rí ọkọ̀ náà nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń kan òpó bí omi bá ti ń tì í.

Ní òdìkejì, dírẹ́bà dé ibi tí títì parí sí. Ó pa mọ́tò, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń wo omi. Ọmọlúwàbí ènìyàn ni, kò padà. Ó dúró ti mọ́tò rẹ̀, ó ń fọn fèrè.

Nígbà tí omi oyún tú, tí ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀lé e, atukọ̀ náà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ó wọlé, òun àti ìyá ọkọ gbé ìyàwó tòun ti ẹní, wọ́n tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀, ó sì ki àjẹ̀ bọmi. Àárín omi ni ọmọ náà ti bọ́ sí ìyá ọkọ lọ́wọ́. Kò ké. Atukọ̀ ń tukọ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ìyá àgbà ń gbá ọmọ nídìí, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó kàn ké lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ti ń rí òrùlé ilé ìwòsàn kó tó ké. Ìyá rẹ̀ náà là á já, àmọ́ ó pẹ́ kó tó lè dá dìde. Orí ló yọ àwọn méjèèjì. Kì í ṣe ètò.

Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́, ó wálé. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń to àwáwí jọ, pé òun kò mọ̀, pé wọn ò sọ fún òun. Ó dé ẹ̀bá ibùsùn àbúrò rẹ̀, ó ń retí èébú. Obìnrin náà kò bú u. Ohùn rẹ̀ kò tíì jáde dáadáa.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ọkọ̀ wo ni wọ́n fi gbé yín kúrò nílé lọ́jọ́ tí ẹ lọ kàwé?”

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ ojú omi. Ó mọ̀ ọ́n kó tó mọ mọ́tò. Èyí ló dùn ún jù, ó sì dun èmi náà nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi.

Inú bí i sí ara rẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó pa Mọ́tò rẹ́, ó kọ Ohunkóhun sí ipò rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín, ìwọ náà kọ ọ́ rí nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi, o ní kí iṣẹ́ lè yá ni. Ohunkóhun sì wọlé lóòótọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó yanrìn wọlé. Ọkọ̀ ẹlẹ́ja gbígbẹ tí kò ní ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ sí wọlé. Ẹnì kan tilẹ̀ fi igi mẹ́ta tó so pọ̀, tó fi ń lọ wo àwọ̀n rẹ̀, sínú ètò. Aláboyún tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ apẹja tóóró ni ètò rán sí i. Kò ríbi nà sí, ó ká orúnkún mọ́ àyà títí ó fi délé ìwòsàn. Ó bí, kò sì sí ewu, àmọ́ nọ́ọ̀sì rí bí wọ́n ṣe gbé e jáde nínú ọkọ̀ náà. Ó pe ọkùnrin náà.

“Ọmọ mi,” ó ní, “tẹ́lẹ̀, o ò jẹ́ kí ẹni tó lè ṣe é wọlé. Ní báyìí, ẹni tí kò lè ṣe é lo kó wọlé. Èwo nínú méjèèjì ni kí n dúpẹ́ ẹ̀?”

Ọkùnrin náà tún wálé. Lọ́tẹ̀ yìí kò ṣí kọ̀ǹpútà. Ó lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn tó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó ń bi nọ́ọ̀sì, àwọn atukọ̀ àti àbúrò rẹ̀ léèrè. Kò bi wọ́n mọ́ pé kí ni ó yẹ kó máa gbé aláboyún. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tí obìnrin tó ń rọbí nílò lọ́wọ́ ẹni tó bá wá gbé e.

Nọ́ọ̀sì ní kó dáhùn bí wọ́n bá pè é. Kí ẹ̀yìn obìnrin náà sì lè balẹ̀ gbọọrọ. Atukọ̀ tó gbé àbúrò rẹ̀ ronú díẹ̀, ó ní kí onítọ̀hún mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí ọ̀nà tí omi kún kì í ṣe ọ̀nà tí omi fà, kó sì sọ òótọ́ ibẹ̀. Àbúrò rẹ̀ gbé ọmọ mọ́yàn.

“Kó lè dé ibi tí mo wà,” ó ní.

Ọkùnrin náà fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì kún un. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ọkọ̀ tó gbé àbúrò rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì. Ó fẹ́ kọ ọ́ pé onítọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ ìgbẹ̀bí díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní rárá o, iṣẹ́ tòun nìyẹn, àdéhùn tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, kó má di ẹrù òun lé atukọ̀ lórí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́. Kò kọ orúkọ nǹkan kankan sí i mọ́, àdéhùn ló kọ, ó sì pè é ní Agbéni. Ìwọ mọ̀ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ní ara. Kì í bi ọ́ bóyá onígi ni ọ́ tàbí onírin. Ó ń sọ ohun tí wàá ṣe bí wọ́n bá pè ọ́, ẹni tó bá sì gbà á sọ́rùn ló ń wọlé. Àwọn mọ́tò òkè gbà á, nǹkan kò yí padà fún wọn. Àwọn ọkọ̀ ojú omi gbà á, kò sì sí ẹni tó tún purọ́ táyà. Àwọn kan sì wá tí ọkùnrin náà kò ronú kàn rí, àwọn ọ̀dọ́ apá ẹrẹ̀, níbi tí mọ́tò kò lè dé, tí ọkọ̀ kò lè léfòó. Pákó ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn léjìká. Láyé àtijọ́ ètò náà, kí là bá pè wọ́n? Àwọn náà gba àdéhùn, wọ́n sì di Agbéni.

Ó ku ohun kan. Olówó kan wà níbẹ̀ tó ní ọkọ̀ tó dára jù lórí omi yẹn, ó ní ìbòrí, ó ní tìmùtìmù. Ó ní òun gba gbogbo àdéhùn náà. Kọ̀ǹpútà gbà á wọlé, torí ohun tí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ kò ju pé ó ti sọ ọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ní èyí kù sọ́wọ́ òun. Ní ọ̀sán gangan, tí ara rẹ̀ le koko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń rọbí. Ẹni tó bá dé, nọ́ọ̀sì á dùbúlẹ̀ gbalaja sínú ọkọ̀ rẹ̀ tòun ti gbogbo ẹran ara rẹ̀, á ní kó máa gbé òun lọ. Àwọn èrò etí omi ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dìde. Fóònù olówó náà dún títí, kò gbé e. Nọ́ọ̀sì yọ ọ́ kúrò.

Àdìgún, mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọmọ bíbí ilé yín, kó sì jẹ́ obìnrin. Mọ́tò lo kọ yẹn. Nínú gbogbo ẹbí yín, àbúrò rẹ tó wà ní Kánádà nìkan ló bá a mu. Ọmọ gidi ni, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Láti ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ ti fọkàn balẹ̀. Mi ò bá a wí. Ibi tí títì parí sí ló wà, ó ń fọn fèrè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà nísàlẹ̀ ilé tí Màmá dùbúlẹ̀ sí, ó ti pẹ́ tó ti ń kan òpó, ìwọ sì lọ tú okùn rẹ̀ lánàá.

Mo mọ ohun tó ń dùn ọ́. Àna ni. Kò bójú mu kí àna rí ìhòòhò ìyá ìyàwó rẹ̀, pàápàá nígbà tí ìyàwó náà kò sí láyé mọ́. O kò ṣìnà níbẹ̀, mi ò sì ní kí o ba àṣà jẹ́. Àmọ́ ìwẹ̀ ní àdéhùn tirẹ̀, gbígbé dìde àti oúnjẹ ní tiwọn. Ìyá oníbùrẹ́dì ojúlé kejì ti ní òun á máa wẹ Màmá láràárọ̀. Gbà fún un. Kí ló dé tí o di gbogbo rẹ̀ sínú ẹrù kan, tí o wá ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè rù ú?

Má sì tìtorí pé mo sọ èyí kí o lọ mú ẹnikẹ́ni láti títì wá nítorí pé ó ti rẹ̀ ọ́. Ohunkóhun nìyẹn, o sì mọ ibi tó gbé aláboyún yẹn dé. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀ sí àna yín, dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn Màmá fúnra rẹ ní ọ̀sán kan, jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ kan rọ bí tirẹ̀ ti rọ, kí o ní kó gbé ọ dìde. Ara rẹ ni yóò sọ fún ọ.

Wo òòrùn. Àkókò yìí ni àna yín máa ń wá yí Màmá padà kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà degbò. Lónìí, kò sí ẹni tó wá. Ẹ̀gbẹ́ tí o bá a lórí rẹ̀ ní òwúrọ̀ ló ṣì wà.

Fóònù rẹ nìyẹn. Pè é. Yóò dáhùn.